Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Dókítà Randle, ọmọ Àìná, àti ẹyẹlé ọmọ ìyá kan ní Ìkòròdú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn tó wá lóṣù yìí. Àfi bí ẹni pé àwọn tó kọ wọ́n jọ forí korí ni, nítorí dókítà oníṣẹ́ abẹ ni gbogbo wọn ń béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ọdún 33 ni mo fi dúró ti tábìlì abẹ, tí mò ń na irinṣẹ́ sí dókítà lọ́wọ́, tí mo sì ń ka gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀ níbi abẹ. Èmi fúnra mi ò la inú ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń báni pọnmi síbi àsè lójoojúmọ́, bí ọbẹ̀ bá fẹ́ jóná, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo ilé àṣà Yorùbá tí wọ́n kọ́ sí Oníkan. Bá a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ kan ka orúkọ tó wà lára ilé náà, ló bá ní, "Àǹtí, ta ni John Randle? Ṣé òyìnbó ni?" Mo ní kó jẹ́ ká wọlé ná. Títí a fi padà sílé, mi ò rí èsì fún un. Ẹ gbà mí. — Olùkọ́ kan, Sùúrùlérè.

ÈSÌ: Olùkọ́, ẹ sọ fún ọmọ náà pé kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀yọ́ kọ́ ni wọ́n bí i sí. Thomas Randle, bàbá rẹ̀, wá láti abúlé kan nílẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n sì gbà á sílẹ̀, ó wá bá ara rẹ̀ ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Abúlé Regent, nítòsí Freetown, ni wọ́n ti bí John ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1855. Orúkọ ló tan ọmọ yín jẹ. Bí wọ́n bá ti kó àwọn èèyàn wa sọ̀ kalẹ̀ sí Sàró nígbà náà, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń fún wọn. Ìdí nìyẹn tí Èkó fi kún fún Williams, Johnson, Davies, Macaulay, tó jẹ́ pé bí ẹ bá hú gbòǹgbò wọn, Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ lẹ máa bá níbẹ̀.

Apoògùn ni Randle kó tó di dókítà. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Freetown ló ti kọ́ iṣẹ́ yẹn, ó sì lọ ṣe é ní Gold Coast, ibi tá à ń pè ní Gánà lónìí. Ibẹ̀ ló ti tọ́jú owó. Ní 1884, nígbà tó ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, ó kó ẹrù, ó di Edinburgh. Ẹ rò ó wò: géńdé ọkùnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun fún ọdún púpọ̀, tó wá lọ jókòó ti àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n ò tí ì hù, nínú òtútù ilẹ̀ Scotland. Ó gboyè ní 1888, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà nínú ẹ̀kọ́ nípa oògùn. Èyí ò yà mí lẹ́nu o. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn oògùn sínú ìgò láti kékeré, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọ nídìí oògùn?

Ó wá sí Èkó, ìjọba sì gbà á sílé ìwòsàn wọn gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà oníṣẹ́ abẹ. Kò pẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni dókítà dúdú àti dókítà funfun jọ ń ṣe, owó wọn ò dọ́gba, ipò wọn ò sì dọ́gba. Randle kì í ṣe ẹni tó máa dákẹ́ sírú ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó kọ̀wé, ìjà náà gbóná títí ọ̀nà fi pín. Ló bá ṣí ilé ìtọ́jú tirẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wá bá a. Àwa tá a ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ̀ pé kò rọrùn fún dókítà láti fi owó oṣù sílẹ̀ kó wá máa dúró de ẹni tó máa kan ilẹ̀kùn.

Ohun tó tún kó wọ̀ ni òṣèlú. Ní 1908, òun àti Dókítà Orishadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀. Lára ohun tó fa ẹgbẹ́ náà ni owó omi: ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, wọ́n sì ní ará ìlú ni yóò san án. Àwọn ará Èkó ní kànga ń bẹ lẹ́yìnkùlé àwọn, ta ló bẹ̀ wọ́n? Bí nọ́ọ̀sì, mo mọ ohun tí omi kànga Ìsàlẹ̀ Èkó lè kó sí ọmọ nínú, nítorí náà mi ò ní í bá wọn bú omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n pé kí wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò bi léèrè, ìyẹn yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Lọ́dún 1928 tí Randle kú, òun kan náà ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́ Oníkan dé. Owó rẹ̀ ló fi ṣe é, ó sì fi sílẹ̀ fún ìlú, kí àwọn ọmọ Èkó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Omi ló yí Èkó ká: ọ̀sà níwájú, òkun lẹ́yìn. Dókítà tó ti gbé ìlú náà tó bẹ́ẹ̀, ó dá mi lójú pé ó ti fojú rí òkú ọmọ tí omi gbé lọ, àìmọye ìgbà. Kò sí abẹ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún ọmọ tí wọ́n bá gbé dé báyẹn. Nínú gbogbo ohun tó lè kọ́, ó kọ́ èyí tí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ náà wá bá a rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi mú mi débẹ̀ ní Sátidé kan. Òórùn oògùn omi ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ń ta mí nímú bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilé ìwòsàn. Sìmẹ́ǹtì etí omi gbóná débi pé ṣe ni mò ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn. Bùọ̀dá mi kó sínú omi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbé mi lágbọ̀n, ó ní, "Jù ú sílẹ̀, jù ú sílẹ̀." Mi ò mọ ohun tí mo dì mú tó ní kí n jù sílẹ̀. Èmi ni mo di ara mi mú, ọrùn mi le bí igi. Ìgbà tí mo mu omi ẹnu kejì ni ọrùn mi dẹ̀, tí mo sì léfòó. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń di orí ẹni tí wọ́n ti fi oògùn kùn lóorun mú, ọwọ́ bùọ̀dá mi lábẹ́ àgbọ̀n mi ni mo máa ń rántí.

Adágún náà gbẹ nígbà tó yá, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n kọ́ ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tún adágún náà ṣe pẹ̀lú. Seun Oduwole ló ya àwòrán ilé yẹn. Òrùlé rẹ̀ ti ilẹ̀ gòkè, koríko hù sórí rẹ̀, ẹ̀yin náà á ti rí i. Ààrẹ Buhari ló ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2023. Olùkọ́, bí ẹ bá tún kó wọn lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo omi kí wọ́n tó wo ilé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àárọ̀, Màmá wa. Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mò ń gbé. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ọkùnrin kan ní ọmọ Ọbabìnrin Victoria ni ìyàwó Dókítà Randle ti Èkó. A fi ṣe ẹlẹ́yà. Inú bí i, kò jẹ ìrẹsì wa. Ṣé òótọ́ ni tàbí irọ́? — Ìyá Kẹ́hìndé.

ÈSÌ: Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ gbé ìrẹsì náà tọ̀ ọ́ lọ sílé. Àṣìsọ díẹ̀ ló ṣe, kò parọ́. Ọbabìnrin ò bí i, ṣùgbọ́n òun ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Kí ìtàn náà lè yé yín, ìyá rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Òkè-Ọ̀dàn, nílẹ̀ Yewa, ni ìyá náà ti wá, nǹkan bí ọdún 1843 ni wọ́n sì bí i. Àìná ni orúkọ rẹ̀, àwọn òyìnbó kọ ọ́ sílẹ̀ bí Ina. Ẹ̀yin mọ ohun tí Àìná jẹ́: ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, kí wọ́n tó gbé mi lọ sí tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, mo ti fi ìka ara mi yọ ìwọ́ kúrò lọ́rùn Àìná àti Òjó tí mi ò lè ka iye wọn. Ẹ máa tì í sókè díẹ̀ díẹ̀, ẹ ò ní í fà á. Ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún Àìná yìí ní Òkè-Ọ̀dàn, ọmọ náà sì ké.

Ní 1848, ogun Dàhọ̀mì ja ìlú náà, wọ́n pa òbí rẹ̀, wọ́n kó òun lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, wá sí ààfin Ọba Gezo láti bẹ̀ ẹ́ kó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Gezo ò fi í sílẹ̀, àmọ́ ó fún Forbes ní ẹ̀bùn, ọmọ yìí sì wà lára ẹ̀bùn náà. Forbes gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọbabìnrin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ni Forbes. Orúkọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni Bonetta. Bí ẹni kọ orúkọ sára ẹrù ni. Mi ò fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn náà.

Ọbabìnrin ló ń sanwó ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n rán an lọ síléèwé ní Freetown, wọ́n tún gbé e padà wá sí England, títí ọkọ fi yọjú. James Pinson Labulo Davies ni ọkọ náà, òun náà ọmọ Sàró, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta àti Ògbómọ̀ṣọ́. Atukọ̀ ni tẹ́lẹ̀ kó tó di oníṣòwò ńlá l'Ékòó. Ìwé ìtàn ò fi pa mọ́ pé ọkàn Àìná ò kọ́kọ́ fà sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, àwọn èèyàn sì rọ́ kún ojú títì láti wò wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Ọbabìnrin yọ̀ǹda kí wọ́n fi orúkọ òun pè é, ó sì fi ife wúrà ránṣẹ́. Victoria Davies nìyẹn. Ọmọ ìsàmì tí ẹgbẹ́ yín fi ṣe ẹlẹ́yà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan ha àárín rẹ̀. Davies yìí ló fún àwọn tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859 ní àádọ́ta pọ́n-ùn láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Òun kan náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó nílẹ̀ wa, ní Ìjọ̀n, lápá Agége. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣe ìyàwó rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Madeira kó lè rí atẹ́gùn tó dáa mí. Kò gbádùn. Ó kú síbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1880, ọdún méjìdínlógún àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ọ̀nà ààfin ni Victoria ọmọ rẹ̀ wà, ó ń lọ kí Ọbabìnrin, nígbà tí ó gbọ́ pé ìyá òun ti lọ. Davies gbé òkúta gíga kan ró nínú oko kòkó rẹ̀ láti fi ṣèrántí aya rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa òkúta yẹn, òun nìkan láàárín igi kòkó.

Victoria kàwé ní Cheltenham, ó gbọ́ orin dáadáa. Ní 1890 ló fẹ́ Dókítà Randle wa l'Ékòó. Wọ́n bí Beatrice, wọ́n bí Jack, ó sì kó àwọn méjèèjì lọ kí Ọbabìnrin ní 1900, nígbà tí ìyá àgbà náà ti ń múra àtilọ. Ohun tó wù mí jù lọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ti ààfin o. Olórin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn, Samuel Coleridge-Taylor, tí bàbá tirẹ̀ náà jẹ́ dókítà láti Sàró. Nígbà tó ń kó orin àwọn èèyàn dúdú jọ fún dùùrù, ìyàwó Randle ló fún un ní orin Yorùbá kan, "Olóba". Ó jáde ní 1905 pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù títí dòní. Ọmọ Àìná, tí òyìnbó tọ́, tó jẹun lórí àwo ààfin, orin ilé ni kò gbàgbé. Ta ló fi orin náà kọ́ ọ? Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín jókòó jíròrò lé lórí dípò ẹlẹ́yà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó kọ̀wé béèrè bí Dókítà Ameyo Adadevoh, tó dènà Ebola l'Ékòó, ṣe bá wọn tan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ síbí. Ẹ na ìka yín. Victoria ní àbúrò obìnrin kan, Stella. Stella bí ọmọbìnrin kan fún Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Sarah Abigail Ìdòwú: Sarah ti Àìná, Abigail ti ìyá Macaulay. Ìdòwú yìí ló bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Kwaku Adadevoh, dókítà tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó. Òun ló bí Ameyo Stella, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní oṣù keje ọdún 2014 tí kò jẹ́ kí ẹni tó gbé Ebola wọ̀lú jáde sáàárín Èkó, tí àrùn náà sì pa òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ìyá tó bí ìyá bàbá rẹ̀ ni Stella. Ẹ̀gbọ́n Stella ni Randle fẹ́. Ó ti tán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ abẹ, ó ku ọdún méjì kó parí. Ohun tó ń dùn wá ni pé bó bá ti wálé, kò ní í sinmi. Ó ń sin ẹyẹlé, ó ju ogójì lọ. Ó tún ń tú rédíò àtijọ́ ká, gbogbo tábìlì oúnjẹ mi ti di wáyà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé gángan. Bàbá rẹ̀ ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti mẹ́ta, àti pé òyìnbó ò ṣe bẹ́ẹ̀ di dókítà. Ẹ bá wa dá a. — Ìyá Dókítà.

ÈSÌ: Ìyá Dókítà, ẹ bá mi kí Bàbá. Ti pé òyìnbó ò ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí ó rọrùn.

Oníṣẹ́ abẹ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Henry Thompson, ọmọ oníṣòwò kékeré ní ìlú Framlingham. Òkúta inú àpò ìtọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló yọ ti ọba Belgium ní 1863, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é sí ti Napoleon Kẹta, ẹni tó kú ní oṣù kìíní ọdún 1873 kí wọ́n tó ṣe abẹ rẹ̀ tán. Òyìnbó náà ń ya àwòrán, wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí Royal Academy. Ó ń kó àwo ṣáínà aláwọ̀ aró jọ. Ó ń kọ ìtàn àròsọ. Ó ra awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, ó sì fi awò ta ibi ìwòràwọ̀ Greenwich lọ́rẹ. Àlejò mẹ́jọ ló máa ń pè wá jẹ oúnjẹ mẹ́jọ ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Nígbà tí mọ́tò dé, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó kọ ìwé lórí mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀, Kate Loder, gbajúmọ̀ olùtẹ dùùrù ni. Ọmọ wọn, Herbert, di ọ̀mọ̀wé tó ń ka ìwé àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì. Bàbá, eku mélòó nìyẹn?

Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi òyìnbó ṣe nígbà tí Láńtúndé Ọdẹ́kù wà? Ará Àwẹ́ ni, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, wọ́n bí i ní 1927. Ó kàwé ní Methodist Boys' High School l'Ékòó, ó lọ sí Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, ó gboyè dókítà níbẹ̀ ní 1954, ó sì kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan nídìí iṣẹ́ yẹn ṣáájú rẹ̀. Ní 1962 ó padà sí Ìbàdàn, ó dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní University College Hospital. Ẹ má gbàgbé pé kò sí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí bíi ti òde òní nígbà náà. Ọwọ́, ojú, òòlù kékeré tí wọ́n fi ń gbá orúnkún, àti àròjinlẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ìṣòro wà kí wọ́n tó lu agbárí.

Ọkùnrin tó ní iṣẹ́ tó tó yẹn lọ́wọ́, ewì ló ń kọ lóru. Ìwé ewì méjì ló tẹ̀ jáde, ọ̀kan ní 1964, èkejì ní 1969. Ó tún ń wá ìwé ìṣègùn àtijọ́ kiri, èyí tí eruku ti bò tí ẹlòmíì ò kà sí. Òun àti Adelola Adeloye, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ló ṣàlàyé kókó rírọ̀ kan tó máa ń yọ sórí àwùjẹ̀ ọmọdé wa. Àwọn ìyá á ti rò pé ọpọlọ ló ń jáde, àti pé bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ọmọ á kú. Wọ́n fi hàn ní 1971 pé àpò ni, kò wọ inú ọpọlọ, abẹ lè mú un kúrò. Àrùn Adeloye-Odeku ni wọ́n ń pè é lágbàáyé. Ìtọ̀ súgà ló pa Ọdẹ́kù ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹjọ ọdún 1974, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta péré. Ọdún 1975 ni mo wọṣẹ́, mi ò bá a. Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìkàwé ìṣègùn Ìbàdàn ni mo rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Dókítà àgbà kan tí mo bá ṣiṣẹ́, ọmọ Ẹ̀pẹ́, àwọ̀n ẹja ló máa ń hun. Kì í ṣe pé ó ń tà á o. Ìran apẹja ni wọ́n, òun nìkan ló kàwé nínú ilé, ó ní bí òun ò bá hun ún, ọwọ́ ìran òun á parẹ́ lára òun. Abẹ́rẹ́ àwọ̀n onígi kan wà nínú àpótí ọ́fíìsì rẹ̀, ti bàbá bàbá rẹ̀, ó ti dán bí eyín erin. Bí a bá ń dúró de aláìsàn kó sùn, á so okùn mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ irinṣẹ́, á fi ọwọ́ òsì nìkan ta kókó, á yí i, á ta òmíì lé e, á fi ìkẹta tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ ò ní í kúrò lára aláìsàn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ìṣègùn á máa wo ìka rẹ̀ bí ẹni ń wo oníidán.

Lọ́jọ́ kan, abẹ ìfun ni, a ti fẹ́ dí inú obìnrin náà pa. Mo ka gọ́ọ̀sì: 19. Ogún ni mo kó sílẹ̀. Mo tún un kà: 19. Ara mi tutù. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tíátà mọ ohun tí ọ̀kan tó bá kù sínú èèyàn máa ń dá sílẹ̀. Mo sọ fún un. Mo ti rí dókítà tó máa ń ju irinṣẹ́ mọ́lẹ̀ lórí irú rẹ̀. Èyí ò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, àwọ̀n tó bá ya, a kì í bínú sí i, ojú ibi tó ti ya là ń wá." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá inú ìfun náà, ojú kan tẹ̀ lé èkejì, láti apá ọ̀tún lọ sí òsì, kò fo ojú kankan. Ogójì ìṣẹ́jú. Kò sí níbẹ̀. Àwa yòókù náà ń wálẹ̀. Ìsàlẹ̀ bàtà ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ la ti bá a, ó lẹ̀ mọ́ ọn pẹpẹ, ó ti dúdú. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà, mo sunkún. Dókítà ti padà sídìí rírán ara.

Nítorí náà, Ìyá Dókítà, mi ò lè bá Bàbá dá ọmọ yín lẹ́bi. Ìka tó ń tún wáyà rédíò tó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ni mo fẹ́ kó rán iṣan mi bó bá kàn mí. Gángan ńkọ́? Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á dẹ̀. Ohun kan tó ń bà mí lẹ́rù ni ìgbẹ́ ẹyẹlé. Bó bá gbẹ, eruku rẹ̀ máa ń kó àrùn wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì léwu jù fún àwọn tí ara wọn ò le, bíi àwọn tó ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù. Kó máa wọ́n omi sí i kó tó gbá a, kó fi nǹkan bo imú, kó wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ kó tó gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kó má gbé aṣọ àgò ẹyẹlé wọ tíátà lọ́nàkọnà. Ẹ sì gba tábìlì oúnjẹ yín padà, ẹ bá a wá pákó kan sí kọ̀rọ̀.

Rédíò tiẹ̀ jẹ́ kí n bi yín: irú èwo ló ń tún ṣe? Onígi kan wà nílé mi, olóbìrí méjì, tí bàbá àwọn ọmọ mi rà ní 1969. Láti ìgbà tó ti kú, kò sọ̀rọ̀ mọ́; ó kàn ń kùn bí oyin bí mo bá tàn án. Bó bá ní Sátidé kan tí ẹyẹlé ò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi. Màá se ẹ̀wà àti dòdò dè é.